Ìyàwó Olùkọ́ Mi àti Ogun Ìráànì

Òórùn ìrẹsì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jó díẹ̀ nídìí ìkòkò ni mo fi ń rántí ilé olùkọ́ mi ní Àgó-Ìwòyè. Ọmọ Ìráànì ni ìyàwó rẹ̀. Ìdí ìkòkò yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bù fún àlejò, nítorí pé ibẹ̀ ni adùn wà lẹ́nu àwọn ará ìlú rẹ̀. Òkèèrè ni òun àti olùkọ́ náà, ọ̀gá mi, ti pàdé, tó sì tẹ̀lé e wálé. Ó ti gbọ́ èdè wa débi pé ohùn Ìjẹ̀bú ló fi ń ná ọjà.

Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì nígbà náà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi gboyè dá lórí bóyá èrò aráàlú Ìráànì lè yí ìpinnu ìjọba wọn padà lórí ogun àti lórí àjọṣe wọn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Ogun àwọn àti Ìráàkì ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ìwé kò pọ̀ ní láíbìrì wa, ni ọ̀gá mi bá ní kí n lọ bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀.

Bí mo bá ti Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí mò ń gbé, dé lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀gbẹ́ rédíò ni mo máa ń bá a, tí yóò máa yí i kiri bí ẹni tó ń wá ọmọ láàárín èrò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá wọn, wà lójú ogun.

"Nígbà tí ọ̀tá kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan, "kò sẹ́ni tó ní ká má jà. Ṣùgbọ́n a ti lé wọn jáde. Àwọn ìyá ti ń bèèrè níbi tí wọ́n ti ń tò ra búrẹ́dì pé kí ló tún kù."

"Ṣé ìjọba ń gbọ́, mà?"

Ó dín ohùn rédíò kù. "Wọ́n ń gbọ́. Wọn ò kàn ní jẹ́wọ́ ni. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń sá pamọ́ fún iṣẹ́ ológun, ta ni ò ní gbọ́?"

Mo yára kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi ń dùn pé mo rí ọ̀rọ̀ gidi kọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọ̀gá mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti tẹ ilé àna rẹ̀ ní Ìráànì láago. Nígbà tó dé, kò bọ́ bàtà, kò kí ẹnikẹ́ni. "Wọ́n ti sin àbúrò rẹ," ni gbogbo ohun tó lè sọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè rẹ̀ sọ ohun tí èmi ò mọ̀. Àwọn obìnrin Aládùúrà tó wà ládùúgbò wọlé nínú aṣọ funfun, wọ́n jókòó yí i ká. Èyí àgbà nínú wọn gbá a mọ́ra.

"Máa sọ ọ́, ọmọ mi," ó wí. "A ń gbọ́ ọ."

Kò pẹ́ sígbà náà ni rédíò kéde pé ìjọba Ìráànì ti gbà kí ogun dáwọ́ dúró. Ọ̀gá mi ní agara ti dá aráàlú, ó wà lára ohun tó mú wọn gbà. Ìyàwó rẹ̀ pa rédíò náà.

"Wọ́n gbọ́," ó wí, ó sì wọ yàrá lọ.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ bi mí bóyá èrò aráàlú ń tu irun kan lára ìjọba lórí ogun, mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì fún mi ní máàkì tó dára. Òótọ́ ni mo sọ. Ohun tí n kò rí kọ síwèé ni pé láti ọjọ́ tí àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè títí di ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ gbà, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń ná bí owó lójú ogun.