Bọ́ílà Tí Mo Rà De Bàbá Mi

Ọ̀dà tuntun tó ń gbóná lórí irin ní òórùn kan tí mi ò lè gbàgbé. Kì í ṣe òórùn burúkú, ó kàn máa ń ta síni nímú díẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá kọ́kọ́ ki áyọ́ọ̀nù tuntun bọ iná. Òórùn yẹn ló gba gbogbo ilé mi ní Gorton, ní ìlú Manchester, lọ́sẹ̀ tí mo gbé bọ́ílà tuntun, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, wọlé, tí wọ́n sì pààrọ̀ àwọn rédíétọ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ògiri tí omi gbígbóná ń gba inú wọn kọjá kí yàrá lè móoru. Mò ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, mò ń fọwọ́ kan irin, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Ọdún méjì ni bọ́ílà àtijọ́ fi ń ṣe ségesège. Èmi nìkan ni mo ń gbé ilé náà, nítorí náà mo kàn máa ń wọ súwẹ́tà méjì léra ni, ayé ń lọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, ọdún kan lẹ́yìn tí a sin màmá mi, kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òtútù rí láyé rẹ̀. Mo fẹ́ kó lo gbogbo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ mi. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà nílé ti ń sọ fún mi lórí fóònù pé Bàbá ń rù, pé ó ń jókòó nínú òkùnkùn. Mo fẹ́ kó wá máa jẹun lójú mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa ní Ardwick ló bá mi fi bọ́ílà náà síbẹ̀. Manchester níbí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ já geere, àmọ́ kò sí àgbà tó máa rí tí kò ní dọ̀bálẹ̀ kí, tòun ti spánà lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdí rédíétọ̀ pálọ̀ ń kán omi tó tó, ó padà wá, ó dè é le, ó ní, "Sorry, Auntie, it's sorted." Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí bàbá mi dé ni wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀.

Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Wigan, ó máa ń tó aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí n tó wọlé. Bí mo bá ń jáde, ilé á móoru dáadáa. Bí mo bá dé, màá bá Bàbá lórí àga pálọ̀ pẹ̀lú kóòtù, fìlà onírun, ìbọ̀sẹ̀ méjì léra, àti bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí orúnkún. Ọwọ́ rẹ̀ á tutù nini. Àwọn rédíétọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Ṣé òtútù ò mú yín báyìí?"

"Rárá o. Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ara mi dá ṣáṣá."

Á sọ bẹ́ẹ̀ tán, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ohun tó tún ń yà mí lẹ́nu ni pé lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá wà nílé, kò sóhun tó ń ṣe bọ́ílà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹnjiníà wa, wá lẹ́ẹ̀mejì, ó tú u, ó wò ó, ó dì í padà, ó ní kò sí fault kankan. Nígbà kejì, ó wo bọ́ílà, ó wo Bàbá, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á tún ronú sí i. Mo ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí ti ẹni tí iṣẹ́ ò yé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bàbá mi ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àjọkẹ́, bá mi wo ọjọ́ tí mo lè padà sílé. Ilẹ̀ yìí ò gbà mí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo mọ̀ pé tó bá fi padà báyìí, inú òkùnkùn yẹn náà ló ń lọ, mi ò sì mọ̀ bóyá màá tún fojú kàn án. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà mọ inú mi, kì í pẹ́ ru. Lọ́jọ́ Àìkú, bí ìsìn ṣe parí, mo ká ẹnjiníà wa mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo èèyàn. "Ṣé torí pé ìjọ kan náà ni wá lo ṣe ń fiṣẹ́ ṣeré? Òtútù fẹ́ pa bàbá mi mọ́ mi lọ́wọ́!" Ó dorí kodò. Ó ní, "I'm sorry, Auntie. Mo máa wá tomorrow."

Ó wá lóòótọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń bọ́ bàtà. Bàbá wà lókè, ó ń ka Bíbélì rẹ̀. Ọmọkùnrin náà tẹ nǹkan lára bọ́ílà, ó pè mí súnmọ́ ọn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Auntie, ẹ wò ó. Ó máa ń keep record. Every morning, Monday to Friday, around nine, ẹnì kan máa ń pa switch ara ògiri yìí. Half four, wọ́n á tún tàn án." Ó wo òkè àjà, níbi tí a ti ń gbọ́ ìrìn Bàbá. "I kind of knew last time. But mi ò lè sọ ọ́ níwájú Grandpa. I didn't want to show him up."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí. Ọmọ tí mo rò pé kò mọ ju èdè òyìnbó lọ ló gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ mi lójú ìjọ, kí ojú má bàa ti bàbá mi. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo ní, "O ṣeun."

Nígbà tí Bàbá sọ̀ kalẹ̀, mo bi í léèrè. Kò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní òun ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sinmi ni. "Ẹ̀rọ tuntun la ń lò láti àárọ̀ dalẹ́ láì fún un nísinmi? O fẹ́ kó tètè kú ni? Aago mẹ́rin àbọ̀ ni mo máa ń tàn án, kí ìwọ má baà wọ ilé tútù. Àbí ta ni kí n máa tan gbogbo èyí fún lọ́sàn-án, nígbà tó jẹ́ èmi nìkan?"

Ìwọ tá a jọ dàgbà nílé, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàjèjì sí ọ. Ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo? A máa ń dúró kí ilé pé ni. Bá a bá sì ti tàn án, a óò máa fún un nísinmi kó lè tọ́jọ́. Bàbá mi ti gbé ìwà tó fi tọ́jú ẹ̀rọ kan ní Abẹ́òkúta wá sí Gorton, ó sì fi pa ara rẹ̀ lára nítorí tèmi. Mo fẹ́ bínú, mi ò rí i bí. Mo kàn bi í pé, "Tó bá jẹ́ Màámi ló wà níbí lọ́sàn-án ńkọ́?"

Ó wá jókòó.

"Ti ìyá ẹ yàtọ̀," ló wí. "Nígbà tó ń ṣàìsàn, ṣé o mọ̀ pé mi ò fún jẹnẹrétọ̀ yẹn nísinmi? Tọ̀sán tòru, kí fáànù lè máa fẹ́ sí i lára. Mo máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ra epo lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọjọ́ tó jáde láyé ni mo pa ẹ̀rọ náà. Mi ò tíì fa okùn rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Kí lèmi nìkan fẹ́ fi iná ṣe?"

Ìgbà yẹn ni òkùnkùn tí àbúrò mi ń sọ yé mi. Kì í ṣe pé epo wọ́n, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ tútù rẹ̀ méjèèjì mú, omi ń bọ́ lójú mi. "Bàbá, tìtorí yín ni mo ṣe rà á. Èmi nìkan lè wà láìsí i."

"Tìtorí tèmi? O ní èyí àtijọ́ ló bàjẹ́."

Òótọ́ ni. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, kó má bàa rò pé òun ń ni mí lára. Àṣé inú àìsàn kan náà lèmi náà wà, èmi tí mo fi súwẹ́tà gbé ọdún méjì torí mi ò kà á sí pé èèyàn kan tó ìdí láti tún bọ́ílà ṣe. Ọmọ ò kúkú jìnnà sí bàbá.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ló yí padà. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ó máa ń rẹ ooru náà sílẹ̀ díẹ̀ dípò kó pa á, á sì bọ́ kóòtù àmọ́ kò ní bọ́ fìlà. Nígbà tó yá, ó bọ́ fìlà. Ikọ́ náà lọ. Kò sọ̀rọ̀ ìpadà mọ́ títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ti ẹnjiníà wa, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti bú u, níbẹ̀ náà ni mo ti tọrọ àforíjì, lójú àwọn kan náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "You're all right, Auntie."

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí Bàbá padà sílé, mo pè é ní ọ̀sán ọjọ́ kan láti ibi iṣẹ́. Ariwo kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Bàbá, kí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀?"

"Jẹnẹrétọ̀ ni!"

"Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sẹ́nì kankan! Mò ń wo bọ́ọ̀lù! Dúró, jẹ́ kí n lọ pa á, ká lè gbọ́ra."

"Ẹ má pa á o!" Mo pariwo débi pé àwọn tá a jọ ń jẹun wẹ̀yìn wò mí. Bá a ṣe ń kígbe síra wa nìyẹn, bóyá ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́, inú mi sì dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo ti máa ń rò pé ìtọ́jú òbí kò ju kéèyàn ra nǹkan fún wọn. Mo ra ooru fún bàbá mi, ó sì jókòó sínú òtútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣe aláìní ni kí ẹnì kan lanu sọ fún un pé òun nìkan ṣoṣo tó ẹni à ń tan iná fún.