Ayò Tí Mo Ta Láti Àbújá

Ìró ọmọ ayò tí ń bọ́ sínú ọpọ́n láti ibi tó jìnnà tó ìrìn odindi ọjọ́ kan, ìyẹn ló kọ́kọ́ máa ń padà wá sí etí mi bí mo bá ti dijú. Inú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí kò ju wàláà ọmọ kéú lọ ló ti máa ń jáde. Yóò dún, yóò dákẹ́, èmi yóò sì máa wo òrùlé páànù Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn tó ti dógùn-ún, tó pọ́n bí epo, tí àlàpàǹdẹ̀dẹ̀ ń fò yí ká lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ yàrá ọmọ mi ní Àbújá ni mo jókòó sí, tí afẹ́fẹ́ tútù ń ti ara ògiri fẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Bí ẹni ń lálàá ni gbogbo sáà yẹn rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ, nítorí wọ́n ti ń sọ fún mi láti kékeré pé ẹnu mi a máa ṣíwájú ẹsẹ̀ mi.

Awakọ̀ agbégilódò ni mí nígbà tí egungun mi ṣì le. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò ní ilé ìwé, títì ló kọ́ mi ní ìyókù. Mo ti fi ọkọ̀ mi gbé ìrókò kan rí tó jẹ́ pé nígbà tí orí rẹ̀ dé Mọ́níyà, ìdí rẹ̀ ṣì ń dágbére fún wọn ní Òkè-Àdó. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi ìrókò náà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, abẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ láti Mápó ni mo sọ di ibi iṣẹ́ mi. Èmi á ti Ìsàlẹ̀ Òsì wá, aránṣọ kan á ti Bẹyẹrúnkà wá, a ó gbé ọpọ́n ayò sáàárín, a ó sì máa bú ara wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Wọn kò sọ iye ọdún tí arúgbó méjì lè fi ta ayò.

Ìjókòó méjì ló wà lábẹ́ igi yẹn, ìjókòó ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ni méjèèjì, kì í ṣe ti òpè tí wọ́n máa ń nà. Òfin tí a bá níbẹ̀ kò le: bí ọ̀ta bá fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá wù lè gbà á, kò sì ní dìde mọ́ títí ẹnìkan yóò fi nà án. Ṣùgbọ́n bí ayò kan bá wà nínú ọpọ́n tí kò tíì parí, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kó ọmọ rẹ̀ kúrò, ẹni tó ń ta á ló ṣì ni ìjókòó. Onígbàjámọ̀ kan láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ń wo ìjókòó tèmi láti ọjọ́ pípẹ́, ojú tí ológbò fi ń wo ẹran lórí àtẹ ló fi ń wò ó.

Ìyàwó mi ti kú nígbà yẹn. Mo wá yọ̀ ṣubú ní ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí ọmọbìnrin mi ní Àbújá kí omi tó gbẹ lára mi. Ó wá. Ó wo ilé, ó wò mí, ó wo òrùlé tó ń jò.

“Bàbá, ilé yìí ti tóbi jù fún ẹnì kan. Ẹ wá máa gbé ọ̀dọ̀ mi.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Kí lẹ tún fẹ́ padà wá ṣe ní Ìbàdàn?”

Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún obìnrin tó kàwé jáde ní yunifásítì pé ìjókòó kan lábẹ́ igi ni? Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Bí ìjókòó yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò ní ìdáhùn kankan fún un mọ́, àlejò ni mo máa dà ní ilé ọmọ mi títí wọn yóò fi gbé mi wá sílé nínú pósí.

Nígbà tí mo dé abẹ́ igi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, aránṣọ ti gbọ́.

“Wọ́n ń kó ẹ lọ,” ó ní.

“Wọ́n ń kó mi lọ.”

“Onígbàjámọ̀ yóò ti jókòó síbí kí taya ọkọ̀ yín tó gbóná.”

Onígbàjámọ̀ wà lẹ́yìn wa. “Ẹ̀yin bàbá, èmi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ń wo bí ìjókòó náà ṣe fẹ̀ tó ni.”

Aránṣọ kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó pín ọmọ ayò sí ojú ọpọ́n, mẹ́rin-mẹ́rin. “Ta á,” ó ní.

“Ilẹ̀ ti ń ṣú.”

“Ta ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n ní ayé ti lu jára, ẹni tó wà ní Mẹ́kà ń bá ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lójúkojú. A ó máa ta ìyókù bí o bá débẹ̀.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí àwa méjèèjì gbéra lọ sí Òkè-Àdó ní ọjọ́ kejì láti ra láptọ́ọ̀pù. Fóònù tèmi, ojú rẹ̀ kò ju èékánná lọ, ó sì ti là sí méjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fóònù gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, ọwọ́ tó sì ń di nǹkan mú kò lè ta ayò. Ohun tí mo fẹ́ ni èyí tó lè dá dúró fúnra rẹ̀, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó kí n rí ọmọ ayò, tó sì kéré tó kí n gbé e sí itan nínú ọkọ̀. Mi ò sì lówó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde, tòkunbọ̀ ni.

Obìnrin tó ń tà á wò wá láti òkè dé ilẹ̀. “Bàbá, kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?”

“Ìrìn àjò ni mo fẹ́ rà á fún.”

“Iṣẹ́ wo lẹ máa fi ṣe lọ́hùn-ún?”

Aránṣọ dá a lóhùn. “Ó fẹ́ máa fi jìyà ni.”

Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kan tó tóbi wá. Mo ní èyí yóò gba ọkọ̀ agbégilódò. Ó gbé òmíràn wá, aránṣọ fa tépù kúrò lọ́rùn, ó wọn ìbú, ó wọn òró, bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún un. Èmi fi ìka kàn án lẹ́yìn, mo sì dẹ etí sí i, bí a ṣe ń dẹ etí sí igi láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà. Lẹ́yìn náà la gbé e jáde sínú oòrùn, nítorí ibi tí mo bá jókòó sí láyé yìí, oòrùn a máa wá mi kàn. Aránṣọ yọ ọmọ ayò díẹ̀ láti inú àpò, ó tò wọ́n síwájú ojú ẹ̀rọ náà, ó ní kí n kà wọ́n nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan sọ gbogbo wọn di odindi òkìtì dúdú kan. Òmíràn sọ wọ́n di aláwọ̀ aró. Ọ̀kan pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti yọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti há, ìyẹn ló jẹ́ kí n rí wọn níkọ̀ọ̀kan, àní mo rí ibi tí ara ọ̀kan ti sán.

“Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta ọjà yìí,” obìnrin náà ní, “mi ò rí ẹni tó fi ayò dán láptọ́ọ̀pù wò rí.”

“Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?” ni mo bi í.

“Á gbé yín dé Lọ́kọ́ja kó tó kú.”

“Ìyẹn ò tíì dé Àbújá. Ìyókù ọ̀nà ńkọ́?”

“Ìyókù, ẹ sùn.”

Mo rà á nítorí ìdáhùn yẹn. Aránṣọ fi àjákù dàmáàsìkì rán àpò fún un, mo sì gbé e kọ́rùn bí ẹni gbé tírà. Nínú ọkọ̀ èrò tí èmi nìkan wọ̀, mo ṣí i sórí itan, mo ń wo àwòrán igi wa tí mo ní kí wọ́n bá mi yà sí i. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí. Mo ní rárá, ìjọba ló ní kí n máa ka gbogbo igi tó wà láti Ìbàdàn títí dé òkè ọya, pé kó jọ̀ọ́ má bá mi sọ̀rọ̀ kí n má baà ṣì í kà. Ó dákẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ títí dé Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ ni bátìrì kú sí lóòótọ́, níbi tí odò ńlá méjì ti pàdé, tí omi wọn ń jọ ṣàn bí ẹni méjì tí kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀. Mo sì sùn.

Ní Àbújá, mo gé kéréètì ẹyin láti ilé ìdáná ọmọ mi, mo sọ ọ́ di ọpọ́n. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, aránṣọ á gbé fóònù rẹ̀ ti búúta, èmi á ṣí láptọ́ọ̀pù mi, yóò ta ẹ̀ẹ̀kan, èmi á ta ẹ̀ẹ̀kan, ó tán di ọ̀la. Bí mo bá sọ ibi tí mo fẹ́ gbé, òun ló ń bá mi gbé e nínú ọpọ́n gidi, a ó sì wá kó èébú bo ara wa. Nẹ́tíwọọ̀kì kì í jẹ́ kí èébú náà dé pé. Ọmọ mi sáré wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

“Bàbá, ta lẹ̀ ń bú báyìí?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni.”

“Kí ló ṣe fún yín?”

“Kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń ronú.”

Kí n má purọ́ fún yín, òrùlé tó hàn lẹ́yìn aránṣọ ni mo ń wò ju ayò lọ. Mo wò wọ́n nígbà tí òjò ń fọ̀ wọ́n, mo wò wọ́n títí ọyẹ́ fi dé tó fi ìkùukùu bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé mo ń gbọ́ òórùn eruku náà. Onígbàjámọ̀, nígbà tí kò rí ìjókòó, ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ta tirẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọpọ́n wa, nítorí ayò náà ti ń lọ sópin. Ó ku ọmọ ayò díẹ̀. Ọ̀kan nínú tèmi wá dá dúró nínú ihò kan, tí aránṣọ sì ní ọ̀kan tó lè bọ́ lé e lórí. Bó bá ti bọ́ lé e, ó di méjì, ó jẹ ẹ́ nìyẹn, ayò parí, ìjókòó mi sì lọ. Kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá sí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo wẹ̀, mo dé fìlà, bí ẹni tó fẹ́ gba ìròyìn òkú, mo sì ṣí láptọ́ọ̀pù. Aránṣọ na ọwọ́, ó fo ọmọ ayò náà, ó gbé òmíràn. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó tún fò ó. Mo gbé tèmi síbòmíràn, àyè mìíràn ṣí fún un, ó fo ìyẹn náà. Ọyẹ́ ń mú sí i, ọmọ ayò ń yí ká bí àwọn àlàpàǹdẹ̀dẹ̀ yẹn, kò jẹ ẹyọ kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, onígbàjámọ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. “Bàbá aránṣọ, ọmọ ayò kan wà níbẹ̀ o. Ọmọ ọwọ́ á jẹ ẹ́.”

“Mi ò rí i.”

“Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láì lo jígí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan láàárín wọn sì sọ ọ́ jáde: “Òpè.”

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn èmi, àwọn ènìyàn kì í sì í ka tèmi sí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé nítorí ayò kan ṣoṣo ni kò fi bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yípo. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Ara ń di ara àgbà.” Ó wá gbójú sókè, ó wo inú fóònù tààrà.

Ọmọ mi ti wà lẹ́yìn mi, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń gbé oúnjẹ mi lọ sábẹ́ igi yẹn nígbà tó wà ní kékeré, ó mọ ayò.

“Bàbá, wọ́n lè jẹ yín.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé òní ni?”

“Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé.”

Ó gbé ife náà sílẹ̀, ó jókòó tì mí. Ó wo kéréètì ẹyin, ó wo bàbá arúgbó tó wà nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn òrùlé.

“Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ ń bọ̀,” ó ní.

Ó ní kí wọ́n ti bá mi dí òrùlé, kí wọ́n sì kan irin ìdìmú sí ilé ìwẹ̀, kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé, láti ibi tí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mo ti gba abẹ́ igi lọ. Aránṣọ wà níbẹ̀, ọpọ́n wà níwájú rẹ̀, ìjókòó mi ṣófo. Kò kí mi. Ó dúró kí ìdí mi kan ìjókòó, ó mú ọmọ ayò rẹ̀, ó sọ ọ́ lé tèmi, ó sì kó méjèèjì.

“Òpè,” ó wí fún mi.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ilé kì í dá ara rẹ̀ dúró de ènìyàn, ẹnìkan ní í máa báni dì í mú. Báyìí, bí òjò bá ti ń pọ̀, mo máa ń lọ bá ọmọ mi gbé díẹ̀, mo sì máa ń padà. Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà kò lè gbé mi dé Ìwó Road mọ́, n kò sì tíì pààrọ̀ rẹ̀. Èmi àti aránṣọ kò sọ̀rọ̀ nípa ọyẹ́ ọdún yẹn rí. Nígbà mìíràn tí ó bá ń ronú lórí ọpọ́n, tí mo sì ń ti ẹ̀gbẹ́ wò ó, ó máa ń wá sí mi lọ́kàn pé èmi, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, Ìbàdàn ni mo ń rí nínú ẹ̀rọ tèmi. Òun, ògiri funfun kan àti ojú mi nìkan ló ń rí nínú tirẹ̀, síbẹ̀ kò pa ọjọ́ kan jẹ.