Ègùn Tí Bàbá Kò Tíì Fi Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣípà bàbá wa. Bí ọdẹ bá kú nílé wa, a ó kó ohun ìṣọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, a ó sọ fún un pé iṣẹ́ tán, kí ó máa bá àwọn baba rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àkọ́bí ni yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àgbọ̀nrín tí a ó fi ṣe é. Títí di ìgbà náà, òkú kò tíì lọ; ohun gbogbo tí ó ní ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Àwọn òyìnbó ló mú ẹ̀gbọ́n mi lọ ru ẹrù kòmándàn, ọ̀gá wọn. Ẹrù ọ̀hún ba èjìká òsì rẹ̀ jẹ́, apá rẹ̀ kò gòkè kọjá àyà mọ́. Inú bí mi sí wọn nígbà náà, ó sì ń bí mi títí dòní. Bàbá kú kí ó tó padà dé. Òjò wá ń bọ̀. Bí koríko bá ga, ta ni yóò tún rí àgbọ̀nrín?

Ẹlẹ́mu ni mí ní Massè, ìlú wa, igbà ni mo mọ̀. Mo ní kí ó fi igbà mi gun ọ̀pẹ ẹ̀bá odò, kí ó fẹ̀yìn tì í bí mo ti ń ṣe, kí ó máa ṣọ́ àgbọ̀nrín láti òkè. Kò tíì ga ju orí mi lọ tí èjìká fi kọ̀. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀.

Ó wá gbé àkàsọ̀ ti igi ìyeyè kan tí àgbọ̀nrín máa ń jẹ èso abẹ́ rẹ̀. Mo ní kò ga tó, ẹran á gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Bí a ò bá rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ." Àgbọ̀nrín dé ní ìrọ̀lẹ́, ó na imú sókè, ó sì sá lọ. Ó ń ṣe mí bíi kí n ní mo ṣáà wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo wo ojú rẹ̀, mo sì bá a gbé àkàsọ̀ náà.

Ègùn bàbá ló kù, ibùba rẹ̀ lórí igi. Pákó líle ni bàbá tẹ́ sáàárín ẹ̀ka ọ̀gànwó kan, ó gbẹ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀ sára igi náà. Ẹni tó ní apá kan ṣoṣo pàápàá lè gùn ún. Ṣùgbọ́n a kì í jókòó lórí ègùn ọdẹ tí a kò tíì ṣípà rẹ̀. Láìsí ẹran, a ò lè ṣípà. Láìsí ègùn náà, a ò lè rí ẹran.

Ìyá wa ló parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá yín. Ṣé òun kọ́ ló bí yín ni? Ẹ ṣáà ní kò tíì lọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ nídìí ọ̀gànwó. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ègùn yín." Ó pẹ́ nílẹ̀ kó tó dìde, ó sì gun igi. Èmi lọ sídìí ọ̀pẹ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìbọn dún. Mo sáré débẹ̀, mo bá akọ àgbọ̀nrín ńlá nílẹ̀. Mo ké pé, "Ẹ kú oríire o!" Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀ kalẹ̀. Ó gbá ìbọn mọ́ra, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Ẹran rèé nílẹ̀."

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń bá Bàbá sọ̀rọ̀ níbí," ó ní. "Mo ń ròyìn ohun tí ojú mi rí lábẹ́ ẹrù òyìnbó fún wọn. Ọ̀la la ó sì ní kí wọ́n máa lọ. N ò tíì sọ ọ́ tán."