Ọwọ́ Àkọ́gbìn ní Ìdí-Ọ̀mọ̀

Ní abúlé Ìdí-Ọ̀mọ̀, láàárín Owódé àti Papalanto, kò sẹ́ni tó ń gbin àgbàdo kí Fájẹ́misìn tó gbìn. Àṣà ilé wọn ni. Baba rẹ̀ ló ń ṣe é kó tó kú, baba baba rẹ̀ sì ti ṣe é rí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, gbogbo abúlé á máa wo ojúde rẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbé igbá irúgbìn jáde ni ọjọ́ gbígbìn. Ẹni tó bá ṣáájú rẹ̀ gbìn, tí ẹyẹ hú u jẹ, kò ní rí ẹni tí yóò bá a kẹ́dùn. Wọ́n á ní ìkánjú ló jẹ ẹ́.

Kì í ṣe idán. Òkúta pẹrẹsẹ kan wà níbi tí wọ́n ti ń la odò abúlé náà kọjá. Baba Fájẹ́misìn ti kọ́ ọ pé ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu omi òjò, odò ló ń mu àṣẹ́kù. Bí òjò bá rọ̀ tí òkúta yẹn ṣì hàn, òùngbẹ ṣì ń gbẹ ilẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá bò ó mọ́lẹ̀, ilẹ̀ ti mu yó nìyẹn, kí ó máa gbìn. Lẹ́yìn òjò kẹta tàbí ìkẹrin ni òkúta sábà máa ń rì. Ó lé ní ogójì ọdún tí Fájẹ́misìn ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí, kò sì já a kulẹ̀ rí.

Kò lówó, kò joyè, ìyàwó kan ṣoṣo ló fẹ́. Ohun tó ní tí ẹlòmíràn kò ní ni pé àwọn èèyàn máa ń dúró dè é. Ẹni tó bá rò pé ohun kékeré nìyẹn, onítọ̀hún kò tíì darúgbó ni.

Ní ọdún 1981, Láwàlì wá bá wọn. Ọmọ ìdílé oníṣòwò ni ní Abẹ́òkúta, ó ní ṣọ́ọ̀bù pákó sí Kútọ̀. Igbó orí odò ló fẹ́ rà, níbi tí omi abúlé ti ń sun. Láwàlì kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ó ní òun yóò fi páànù bo gbogbo ilé abúlé, ó sì bò wọ́n. Àwọn àgbà fọwọ́ sí i, Fájẹ́misìn ló sì kọ́kọ́ tẹ̀ka. Lọ́rì kó ìrókò lọ, ó kó afàrà lọ. Igi wẹ́wẹ́ tó kù, àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n sun ún ní èédú, wọ́n sì gbin ẹ̀gẹ́ sójú rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, oòrùn ti ń tàn yàà sórí ìsun odò. Inú wọn dùn sí páànù wọn.

Ọyẹ́ tó mú ní ìparí ọdún 1982 kò mọ̀nà ilé lọ. Kànga gbẹ. Iná ọdẹ jó wọ oko kòkó, ó jó o tán, obì wọ́wé sílẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń gbọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn ni Dìran wá kí àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ Fájẹ́misìn ni Dìran, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jógíráfì ní Abẹ́òkúta.

"Bàbá, ọ̀dá yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa," ó ní. "Ó dé Òkè Ọya, ó dé Gánà. Àwọn onímọ̀ kan ń sọ pé ọwọ́ ọmọ èèyàn wà níbẹ̀. Igi tí à ń gé, èéfín tí à ń rú sójú ọ̀run."

"Ta ló gé igi lọ́dún eṣú?" ni Fájẹ́misìn bi í. "Mo ti dáyé nígbà náà. Igbó ṣú débi pé èèyàn kì í rí oòrùn, òjò ṣì kọ̀, kò rọ̀. Ayé ló ń yí, Dìran. Ọ̀dá á wá, á sì lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Dìran rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lẹ sọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn náà ní ojú ọjọ́ ní ìyípo tirẹ̀. Èmi ò mọ èyí tó jẹ́. Ṣùgbọ́n igbó orí odò yẹn ò sí mọ́. Ẹ ṣáà fojú sí i."

 Inú bí Fájẹ́misìn, nítorí pé ojú egbò ni ọmọ náà fọwọ́ kàn.

Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 1983 ń parí lọ, òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wákàtí kan péré ló fi rọ̀, ṣùgbọ́n ó le, ariwo rẹ̀ lórí páànù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Bó ti dá ni Fájẹ́misìn mú àdá, ó gba odò lọ. Òkúta ti rì. Òjò kan ṣoṣo. Omi náà sì pọ́n bí epo, ó ń sáré. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò rí i kí omi òjò àkọ́rọ̀ pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó dúró. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó fi àdá walẹ̀ wò.

Nígbà tó yíjú padà, ìdajì abúlé ti tẹ̀ lé e dé etí odò. Àká wọn ti ṣófo. Ọ̀ṣunjìmí wà níwájú wọn, opó Fárọ̀mbí, tí ọkọ rẹ̀ fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún.

"Bàbá, ṣé ká gbìn?" ló bi í.

Ta ni Fájẹ́misìn tí yóò máa walẹ̀ lójú wọn bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ baba rẹ̀? Ó na àdá sí odò.

"Òkúta ti rì," ó ní. "Ẹ gbìn."

Wọ́n gbìn. Lọ́jọ́ karùn-ún àgbàdo hù, oko tutù yọ̀yọ̀, inú gbogbo èèyàn dùn. Lẹ́yìn náà ni oòrùn gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ kan, kò sí òjò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀kán kan ò bọ́. Ewé ká jọ, ó funfun, ó sì kú. Nígbà tí òjò gidi dé nínú oṣù karùn-ún, ẹni tó ní irúgbìn nílẹ̀ tún un gbìn. Ọ̀ṣunjìmí kò ní. Gbogbo èyí tó so rọ̀ sórí àjà ìdáná rẹ̀ ló ti rì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí Fájẹ́misìn ní kí wọ́n gbìn.

Kí òjò gidi tó dé, Fájẹ́misìn ti dá lọ sóko rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi àdá gbẹ́ ilẹ̀. Tínrín ni èèpẹ̀ tí òjò mú dì lókè, kò ju ìbú ìka kan lọ. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ bí eérú. Òjò yẹn kò wọlẹ̀ rárá. Orí ilẹ̀ gbalasa ni ó ṣàn gbà, ó gbá èèpẹ̀ pupa bọ́ sínú odò, kò sí igbó tó dá a dúró mọ́. Ó bo ihò yẹn padà kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Àwọn àgbà ń wá kí i. "Ẹ kú àmúmọ́ra. Ojú ọ̀run ló ṣe é. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa." Fájẹ́misìn á mi orí. "Ayé ló ń yí," ni yóò sọ. Ó sọ ọ́ nínú oṣù kẹrin, ó sọ ọ́ nínú oṣù kẹfà. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, nítorí pé òun ló jẹ́ kó ṣì lè jókòó láàárín wọn. Ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ta ní Òkè Ọya ló gbọ́ nípa igbó Ìdí-Ọ̀mọ̀ tí ọ̀dá fi dé ọ̀dọ̀ tiwọn? Ṣùgbọ́n ọ̀dá lọ́tọ̀, gbígbìn lọ́tọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í jẹun yó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́ta. Ọ̀ṣunjìmí wọlé, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tẹ̀ lé e, ó sì pọn àbíkẹ́yìn rẹ̀. Irun àbíkẹ́yìn náà ti pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò sunkún.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo wá dágbére ni. Papalanto là ń lọ, wọ́n ní àwọn obìnrin ń rí òkúta fọ́ níbẹ̀."

"Pẹ̀lú àwọn ọmọ?"

"Ta ni mo fẹ́ fi wọ́n tì?" Ó tún ọ̀já gbà. "Bàbá, ẹ jẹ́ n bi yín. Dìran ní ọwọ́ èèyàn ni. Àwọn àgbà ní ìyípo ayé ni. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa òjò. Èwo ni kí n máa sọ fáwọn ọmọ yìí?"

Ọ̀rọ̀ tó dùn yẹn ti wà létè Fájẹ́misìn. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, kò lè sọ ọ́.

"Ọ̀dá yẹn, n kò mọ ẹni tó rán an," ó ní. "Ṣùgbọ́n àgbàdo tìrẹ, èmi ni. Àwa la ta igbó, omi ò rí ohun tó dá a dúró. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé omi náà pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ walẹ̀ wò. Ojú ló tì mí, nítorí pé ẹ̀ ń wò mí."

"Fájẹ́misìn, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" ni àgbà kan wí. 

"Ẹ rí i," ni Ọ̀ṣunjìmí wí.

"Mo rí i."

"Kí n tó bi yín?"

"Kí o tó bi mí."

Ọ̀ṣunjìmí dìde. Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù fúnra rẹ̀, ó fa èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà lọ́wọ́, èyí àbúrò di ìró rẹ̀ mú. Ní Ìdí-Ọ̀mọ̀, obìnrin kì í kúrò níwájú àgbà láìkúnlẹ̀, àgàgà ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò, tó yẹ kó gba àdúrà. Fájẹ́misìn ti na ọwọ́ láti súre fún un.

Kò kúnlẹ̀. Ó yíjú, ó sì bọ́ sọ́nà Papalanto pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sí èyí tó pè é padà nínú àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.