Gílóòbù Ojú Fèrèsé Bàbá Oníwáyà

Ilé tí Bàbá Oníwáyà ti fa iná rí ládùúgbò yẹn pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ mọ́. Ìyàwó ti kú. Àwọn ọmọ wà lọ́nà jíjìn, wọn a sì máa sọ lórí fóònù pé àwọn ń bọ̀. Bíbọ̀ ọ̀hún ni kò tíì dé. Kì í ṣe ikú ló ń ba bàbá lẹ́rù, bí kò ṣe kó kú sílé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Ló bá fi gílóòbù pupa kan sójú fèrèsé, ó fa wáyà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀. Tí oòrùn bá gòkè tí kò tíì ṣí ti ìdáná, tí kò sì tíì ṣí ti balùwẹ̀, gílóòbù á tàn. Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún obìnrin aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì, ó ní tó bá ti rí pupa, kó sáré wá. Tí kò bá rí i, kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́ létí bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣubú, ìbàdí ò sì jẹ́ kó dìde. Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀. Àfi ìgbà tí oòrùn gòkè tán tí nǹkan kan ò tàn: wọ́n ti mú iná lọ! Odidi oníṣẹ́ iná gbàgbé pé iná lè lọ. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ní òdìkejì, ó pè títí, ohùn rẹ̀ ò dé ibẹ̀. Bàbá sunkún. Ìrọ̀lẹ́ tí iná dé ni gílóòbù tó tàn, tí obìnrin náà sáré wọlé.

Nígbà tí ìbàdí san, ó tún wáyà náà fà. Ó fi gílóòbù aláwọ̀ ewé síbẹ̀. Èyíkéyìí tó bá ṣí nínú ilẹ̀kùn méjèèjì, á tàn. Tí oòrùn bá gòkè tí gílóòbù ò tàn ni kí aránṣọ wá.

Obìnrin náà wò ó. “Bàbá, tó bá ti wá tàn báyìí, mi ò ní í wá nìyẹn?”

Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àlàáfíà rẹ̀ gan-an ni kò ní í jẹ́ kí ẹnì kankan yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wọṣọ, ó wọ bàtà, ó dé fìlà. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ìdáná, ó fawọ́ padà, ó lọ jókòó. Ẹ̀rọ ń dún lọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dákẹ́. Sálúbàtà sọdá títì, kọ́kọ́rọ́ yí.

Aránṣọ rí i pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Kò bínú. Ó kàn bi í pé èwo ni kí òun bá a ṣí kí iná lè tàn, ti ìdáná ni àbí ti balùwẹ̀.

“Má tíì ṣí ìkankan,” ni bàbá wí. “Jókòó ná.”