Ilẹ̀ Ilé Yín Ti Wọ Òkun, Bàbá Tólú

Yéè, ikú dóró! Ọkọ mi, ṣé báyìí la jọ sọ ọ́? Ẹ lọ, ẹ fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ilé tó pa lọ́lọ́. Ó di gbére o, ọmọ etí òkun Ìlàjẹ, ọkùnrin pẹ̀lẹ́, ọ̀mọ̀wé tí kò fi ìwé ṣe fáàrí.

Láràárọ̀ lẹ máa ń wo ike tí ẹ fi ń gba òjò lẹ́yìn ilé wa ní Upper Sakponba ní Benin níbí, ẹ ó kọ ibi tí omi dé sínú ìwé. Èmi ọmọ Ìkàrẹ́ tí òkè yí ìlú wa ká, n kò rí òkun rí kí ẹ tó fẹ́ mi. Mo ní, kí ló kan òkun nínú òjò Benin? Ẹ ní, "Ìyá Tólú, láti òkun lòjò yìí ti gbéra." Ẹ ní èéfín wa ló ń mú ayé gbóná, òkun ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà mọ́ra. Ẹ ní bí kò bá sí òkun ni, à bá ti jóná.

Lọ́jọ́ kan ẹ bu omi kún ìkòkò mi dé ẹnu, ẹ gbé e kaná. Kò tíì hó tó fi ń ṣàn sórí sítóófù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kẹrosíìnì mi ṣòfò!" Ẹ rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní bí òkun ṣe ń wú nìyẹn tó bá gbóná, ẹ ní ọ̀nà ilé bàbá yín ló ń wú lọ. Mo ṣe bí àwàdà ni.

Ìgbà tí a lọ sílé yín ní Ìlàjẹ kẹ́yìn, omi ti gba ojúde, ó ku díẹ̀ kó dé ibi tí a sin màmá yín sí. Ẹ ká ṣòkòtò sókè, ẹ dúró sínú omi. A padà dé Benin lẹ tó ní, "Bí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ màmá mi ni kí o tẹ́ mi sí." Mo ṣèlérí.

Ọjọ́ tí ẹ kú, mo pe àwọn ẹbí lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n yín ní, "Ìyàwó wa, ilẹ̀ wo la fẹ́ gbẹ́? Òkun ti gbé gbogbo rẹ̀." Itẹ́ òkú Benin níbí ló kù.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, n kò rẹ́ni bá sọ Yorùbá nílé. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ó di ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó rẹ́ni bá sọ ọ́. Níjẹta, mo kí àga yín pé ẹ káàárọ̀, ni ẹkún bá gbé mi.

Ẹ dárí jì mí, ọkọ mi. Mo sunkún nítorí ìlérí tí n kò lè mú ṣẹ. Àmọ́ n kò ní parọ́ níwájú yín: inú mi tún dùn díẹ̀, ojú sì ń tì mí. Ká ní ilẹ̀ wà nílé ni, ẹ̀ bá ti jìnnà sí mi.

Àyè ẹni méjì ni mo gbà ní itẹ́ òkú náà. Ẹ sùn re o, olówó orí mi, ẹ sún díẹ̀ fún mi.

Ìyàwó yín, Ìyá Tólú