Ṣé O Ti Jẹun?

Ọmọ mi obìnrin kì í kí ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ náà ni àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ó ti tó ọmọ ọdún méje, kò ní í kúnlẹ̀, kò ní í wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí o bá ní, "Báwo ni?", òun náà á ní, "Báwo ni?", á sì fi ohùn rẹ gan-an sọ ọ́. Kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ, ìbáà jẹ́ àgbà ló wà níwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọdé. Lóde òní wọ́n ń pè é ní ọ́tísíìmù. Nígbà tí mò ń wí yìí, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì wo èmi tí mo jẹ́ tíṣà láti òkè délẹ̀.

Ọkọ mi ní ìdílé àwọn ò bí irú rẹ̀ rí. Ó ríṣẹ́ sí Kàdúná, ó lọ, ó sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Àwọn aládùúgbò ní ẹmẹ̀rẹ̀ lọmọ náà, kí n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan lọ́nà Ìbefun. Mo gbé e débẹ̀. Mo bá ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mo yí padà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Nínú gbogbo àwọn tó ń gbà mí nímọ̀ràn yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bá mi mójú tó o kí n ráyè fọ aṣọ ara mi.

Àárín ìgbà yẹn náà ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Wọ́n á bu iyọ̀ sí ìkọ́kọrẹ́, wọ́n á tún bù ú, wọ́n á tún bù ú. Nígbà tó yá, èmi gan-an ni wọn ò mọ̀ mọ́. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀ fún wọn, wọ́n á di aṣọ wọn mú, wọ́n á ní kí obìnrin yìí má tú òun sí ìhòòhò. Mo kọ̀wé sí àbúrò mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó pé kó wá gba ìyá wa lọ́wọ́ mi díẹ̀. Ó fèsì pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo ní òun ńkọ́, ṣé òun ò lọ́mú ni? Ó ní kí n má fi ìbínú bá òun sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní í sùn, òun náà ò ní í fojú kan oorun, àwọn àgbà ti wí ìyẹn. Wọn ò pa òwe kankan nípa obìnrin tí ọmọ ò jẹ́ kó sùn, tí ìyá náà ò sì jẹ́ kó sùn.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìyá tó bí ìyá mi kò tíì pẹ́ tó kú nígbà tí mo bí ọmọ yìí, nítorí náà ìyá mi fúnra wọn ló fún un ní orúkọ tí à ń fún irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, pé ìyá ti padà wá. Orúkọ lásán ni lójú tèmi. Mo mọ ọ̀pọ̀ tó ń jẹ́ ẹ ní kíláàsì mi, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi jókòó sórí ẹní, ọmọ náà ń yípo lágbàálá bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi wò ó, wọ́n bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ náà dúró. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Kò sí ẹni tó ń pe ìyá mi ní "o" mọ́ láyé. Gbogbo ẹni tó lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Wọ́n wo ọmọ náà títí, wọ́n rọra kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n, wọ́n ní, "Mi ò tíì jẹun, Yèyé." Yèyé ni wọ́n ń pe ìyá wọn ní kékeré.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni mo wọ yàrá lọ sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sunkún tán, orí mi ṣiṣẹ́. Mo lọ jókòó ti ọmọ mi, mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Wá wẹ̀." Ó ní, "Wá wẹ̀." Ìyá mi sì dìde, wọ́n tú aṣọ wọn fúnra wọn, wọ́n jẹ́ kí n bomi sí wọn lẹ́yìn. Bí mo ṣe rí ọ̀nà nìyẹn. Ohun tí mo bá bẹ̀ wọ́n títí tí wọn ò ṣe, bí ọmọ náà bá ti fẹnu sọ ọ́, wọ́n á ṣe é, torí àṣẹ Yèyé ni. Ọmọ náà pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì wọ́n lórí ẹní, òun tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan òun. Àwọn méjèèjì ló ń tọ́jú ara wọn, èmi kàn ń se oúnjẹ ni.

Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, iṣẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kí n tó lọ ní gbogbo àárọ̀. Níkẹyìn mo gbé ìtìjú tà, mo dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa, mo ní kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n gbàdúrà, àdúrà náà gùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni opó kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun á máa wá lójoojúmọ́ títí n ó fi dé láti iléèwé. Ẹni ire ni. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa fà á. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ wá, mo jókòó jẹun ọ̀sán nínú yàrá àwọn tíṣà, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Opó náà ń dín dòdò lọ́jọ́ kan, ọmọ náà sì nawọ́ sí òróró gbígbóná. Obìnrin náà pariwo mọ́ ọn: "Kúrò níbẹ̀, máa lọ sọ́hùn-ún!" Kí ló tún fẹ́ sọ? Kò sí abiyamọ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ náà lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yípo àgbàlá, ó ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn ìbẹ̀rù obìnrin náà: "Kúrò níbẹ̀, máa lọ sọ́hùn-ún." Ìyá mi gbójú sókè lórí ẹní, wọ́n ní, "Èmi, Yèyé?" Ọmọ náà tún un sọ. Nígbà tí obìnrin náà fi máa sọ agbada kalẹ̀, kò rí ìyá mi mọ́.

Àgbẹ̀ kan ló fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn padà ní ìrọ̀lẹ́. Ojú ọ̀nà Ayépé ló ti bá wọn, Ayépé tí wọ́n bí Yèyé wọn sí. Ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ wọn, bàtà kan ṣoṣo ló kù.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jókòó sórí ẹní mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n di aṣọ wọn sínú gèlè, wọ́n á máa bi ẹni tó bá kọjá pé kí lòun ṣe fún Yèyé. Oúnjẹ kò wọnú wọn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ lé, ta ni yóò fún un lóúnjẹ? Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ mi bí ẹni ń bẹ ọba. Mo ní, "Jẹun." Mo ní, "Padà wá." Ó wo òkè àjà, ó ní, "Kúrò níbẹ̀, máa lọ sọ́hùn-ún." Ọ̀rọ̀ náà ti há sí i lẹ́nu. Bí mo bá mú ọmọ náà kúrò nítòsí, ìyá mi á máa sunkún wá Yèyé. Bí mo bá mú un padà, Yèyé á tún lé wọn.

Opó yẹn kò lè wá mọ́. Ó ní òun ò lè fojú kan ẹní náà mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ránṣẹ́ pé àwọn ń fi wá sínú àdúrà. Ní ọsibítù, dókítà ní ọjọ́ ogbó ni, ó fa omi sí ìyá mi lára, ìyá mi sì já a sọnù. Mo bínú sí dókítà, mo bínú sí ìjọ, mo bínú sí ọmọ mi tí kò mọ ohun tó ṣe. Ìyá mi kú nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lójú tiwọn, Yèyé kò tíì dárí jì wọ́n.

Àbúrò mi wá láti Èkó, ó pa màlúù. Màlúù náà tóbi. Àwọn ènìyàn ní ó tọ́jú ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò tó kẹ́yìn lọ, mo jókòó sórí ẹní ìyá mi. "Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àsẹ̀yìndè" ṣì ń dún létí mi. Ọmọ mi jáde látinú yàrá. Kò wò mí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ohùn ìyá mi ni, bí wọ́n ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó wá kí mi, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn, mi ò sì tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀.

Mo ní, "Mi ò tíì jẹun, màmá."

Ó ní, "Mi ò tíì jẹun, màmá."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pe màmá nìyẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń pè. Mo dìde, mo lọ dáná.